Ọkùnrin Tó Ń Yàgbẹ́ fún Gbogbo Ilé Iṣẹ́

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ jẹun tán kó tó ka èyí. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni, kò sì sí bí mo ṣe lè fọ̀ ọ́ tí kò fi ní rùn.

Ìdí ààrò ni ọkùnrin tí mò ń sọ yìí ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé búrẹ́dì kan. Òun ló ń ti àwọn agolo búrẹ́dì wọ inú iná, òun náà ló ń fi igi gígùn fà wọ́n jáde nígbà tí orí wọn bá pọ́n. Àtìgbà tó ti wà ní àpọ́n ló ti ń ṣe é, apá rẹ̀ méjèèjì sì kún fún àpá iná. Ó ní òun sanra nígbà kan rí. Mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, nítorí ẹni tó jókòó níwájú mi kò ju igi ìgbálẹ̀ lọ. Ó gbé àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ jáde. Lóòótọ́, bọ́tìnì ẹ̀wù tó wọ̀ lọ́jọ́ náà ń bẹ aráyé pé kí wọ́n gba òun.

Olùpèsè ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Mo rò pé nítorí àdúrà ni, pé bóyá òun ló máa ń ṣáájú wọn gbàdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Òfin sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń fọwọ́ kan oúnjẹ tí wọ́n ń tà fún aráàlú gbọ́dọ̀ gbé ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, kó má baà jẹ́ pé àrùn inú ló ń pín fún àwọn oníbàárà. Ilé ìwòsàn á fún oníkálukú ní ike kékeré tó ní ìdérí. Yóò gbé e lọ sílé, yóò sì gbé e padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ohun tó yẹ nínú. Òfin náà dáa. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ará ilé búrẹ́dì ti ń wọṣẹ́, ìgbẹ́ kì í sì í gbọ́ràn sí òfin. Inú ẹlòmíràn le bí òkúta. Ẹlòmíràn kórìíra ike yẹn bí ẹni kórìíra ejò. Ọkùnrin ìdí ààrò nìkan ni inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí aago: tó bá ti mu omi gbígbóná láàárọ̀, ó di dandan, ó sì máa ń pọ̀. Lọ́dún kan, ẹnì kan tí kò rí nǹkan kan yà bẹ̀ ẹ́ pé kó bu díẹ̀ fún òun. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn dara pọ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń to ike wọn sí ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, tí ọkùnrin yìí á sì máa fi ṣíbí pín in bí ẹni ń bu oúnjẹ fún àlejò.

Ó tún ń fi í yangàn!

"Ìgbẹ́ mi," ló sọ fún mi, kò sì tijú, "kò rọ̀ jù, kò le jù. Ó gún régé. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ọmọlúàbí ló yà á."

Ara mi bù máṣọ, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Lọ́dọọdún, èsì kan náà ló ń jáde fún gbogbo wọn: ara wọn dá, kí wọ́n máa báṣẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ní ilé ìwòsàn pé báwo ni ìgbẹ́ odindi ilé iṣẹ́ kan ṣe jọra bí ọmọ ìyá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tiẹ̀ máa ṣí ike náà. 

Bí ọdún kan ṣe ń kógbá wọlé ni Olùpèsè bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kò gbààwẹ̀, kò sì fẹ́ kí ara òun fúyẹ́. Ó ń jẹun, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kò wọ ara. Inú rẹ̀ á wú, á máa kùn bí ẹ̀rọ tí epo rẹ̀ fẹ́ tán, lẹ́yìn náà ni yóò gùnfẹ̀, ìgùnfẹ̀ náà á sì máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá a jókòó wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ó ra ògùn ìsanra onígò lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri nínú ọkọ̀. Ó mu ún tán, ó tún rù sí i.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ó fún sòkòtò ọkọ rẹ̀, ó tún un fún, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ju sòkòtò náà lù ú.

"Ìyá àwọn ọmọ, bá mi fún un níbàdí díẹ̀ sí i."

"Mi ò fún un mọ́. Àpò ẹ̀yìn méjèèjì ti fẹnu kora. Lọ bá ẹni tó kó àrùn ràn ọ́ kó bá ọ fún un."

"Ta ló kó àrùn ràn mí?"

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí àwọn ti fẹ́ra, ọjọ́ yẹn ni ìyàwó òun kọ́kọ́ pe òun ní "ìwọ". Obìnrin náà kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Ní ilé búrẹ́dì, àwọn tó ń gba ìgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún ya ife omi tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ó rí i. 

"Olùpèsè, má gba iwájú fèrèsé o," ni ọ̀kan wí fún un, "atẹ́gùn lè gbé ọ lọ."

Nígbà tí agolo kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo fún un, tó sì jókòó sílẹ̀ níwájú iná nítorí òòyì, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Ìyàwó rẹ̀ bá a lọ. Kì í ṣe àánú ló gbé e lọ o. Ó fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ orúkọ àrùn náà ni.

Dókítà tó rí wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Ó gbé ọkùnrin náà sórí ìwọ̀n, ó wo ojú rẹ̀, ó tẹ ọrùn rẹ̀, ó tẹ ikùn rẹ̀.

"Bàbá, ẹni tó bá ń rù tí kò mọ ìdí, ohun mẹ́ta la máa ń bi ara wa. Ṣé oúnjẹ ò wọlé tó ni? Àbí ó ń wọlé, àmọ́ ìfun ò gbà á? Àbí ó wọ ara tán, ohun kan wá ń jó o dànù? Ẹ̀ ń jẹun?"

"Mò ń jẹ, Dókítà."

"Ìrònú ńkọ́? Ẹ̀ ń sùn?"

"Ìrònú ò ju èyí tí ìyàwó mi ń fún mi lọ."

Ìyàwó rẹ̀ ṣẹnu sùù.

"Ìgbẹ́ yín ńkọ́? Ṣé ó yí padà?"

Níbí ni ọkùnrin náà ti ṣe ara rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti yí padà. Kò gún régé mọ́. Ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣì, ó ń yọ̀ bí ẹni pé wọ́n da òróró sí i, ó sì ń léfòó. Ó lè da omi sí i títí, yóò tún padà wá wò ó lójú. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé kọ sínú ìwé. Ó yẹ kó sọ gbogbo èyí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó na àyà jáde.

"Dáadáa ni. Wọ́n tiẹ̀ mọ̀ mí mọ́ ọn."

Dókítà kọ gbogbo àyẹ̀wò tó kù fún un. Wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá àtọ̀gbẹ ni, tàbí àrùn éèdì, tàbí pé ẹ̀yà ara kékeré kan ní ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ ló ti ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Wọ́n máa wo kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀. Wọ́n máa ya àwòrán àyà rẹ̀ nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n á sì wo inú ikùn rẹ̀ bóyá jẹjẹrẹ ti fara pamọ́ síbì kan. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó na ike kékeré kan sí i.

Nígbà tí ó rí ike náà, ọkàn rẹ̀ já. Ilé ìwòsàn kan náà ló ń ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún fún ilé búrẹ́dì. Tí wọ́n bá rí nǹkan kan nínú ìgbẹ́ rẹ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ ló ní in nìyẹn, lórí ìwé. Ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ó tún jẹ́wọ́ fún mi pé kì í ṣe ìyẹn gan-an ló dí òun lọ́nà. Ojú ló ń tì í. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ ògo ilé iṣẹ́, kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìdọ̀tí yẹn fún èèyàn.

Ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sinmi.

"Ẹ̀yin ará, mo nílò díẹ̀."

"Díẹ̀ kí ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

 Ẹnì kan wá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ló ń pèsè," wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fún un. Obìnrin tó ń gé ìyẹ̀fun pípò, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Ọ̀bẹ, nìkan ló tẹ̀ lé e dé ìdí ààrò. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da àwọn yẹn lóhùn. Màá mú un wá fún yín lọ́la nínú ọ̀rá dúdú. Àmọ́ bí ọkọ mi bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ìyẹ̀fun yìí, ikùn yín ni màá fi gé."

Ó mú un wá. Olùpèsè di ojú, ó fi ṣíbí bù ú sínú ike, ó ti ike náà bọ àpò sòkòtò. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ jókòó nínú ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ike náà sì wà láàárín ìbàdí àwọn méjèèjì.

Gbogbo èsì jáde. Kò ní àtọ̀gbẹ. Kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọrùn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Kò ní éèdì. Ìyàwó rẹ̀ gba èsì èyí, ó kà á, ó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá àrùn náà sá sí ẹ̀yìn ìwé. Kò rí i. Síbẹ̀ kò kó ìrọ̀rí rẹ̀ padà.

Ìgbẹ́ nìkan ló ní ọ̀rọ̀. Kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúdú bí ọ̀dà.

"Bí ìgbẹ́ bá dúdú báyìí," Dókítà ní, "ẹ̀rù máa ń bà wá pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn. Àbí ẹ̀ ń lo ògùn ẹ̀jẹ̀? Ògùn ẹ̀jẹ̀ náà máa ń sọ ọ́ di dúdú."

"Rárá o, Dókítà."

Kò purọ́. Àǹtí Ọ̀bẹ ló ń lò ó, nítorí oyún. Olùpèsè kò béèrè, obìnrin náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ.

Nítorí ìgbẹ́ obìnrin aláboyún, wọ́n ti rọ́bà tó ní iná lórí bọ ọ̀fun ọkùnrin tó ti rù kan egungun. Ó bì títí tí itọ́ fi ń ṣàn bọ̀ lọ́rùn rẹ̀, nọ́ọ̀sì ń pariwo pé kó gbé e mì, ó ń gbìyànjú láti sọ pé òun ò lè gbé e mì, ohun tó ń jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Wọ́n wo inú ikùn rẹ̀ tinútẹ̀yìn. Kò sí egbò, kò sí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fa rọ́bà jáde, wọ́n nù ún lẹ́nu, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ó sì ń rù lọ. Ojú rẹ̀ kó wọnú. Ó gbà pé jẹjẹrẹ ni, pé wọ́n kàn ń fi í pamọ́ fún òun ni. Ó ké pe àkọ́bí rẹ̀, ó fi ibi tí ìwé ilẹ̀ wà hàn án. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tì, ṣùgbọ́n kò jáde.

Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ìgbẹ́ tí wọ́n fi ń ṣèdájọ́ òun kì í ṣe ti òun. Ó mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n ń ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń fi ìwé ilẹ̀ han ọmọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn." Ó ti pẹ́ jù láti sọ, kò pẹ́ jù láti kú. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí tó ń jẹ ọkùnrin yìí wà lára rẹ̀, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, òun ló ń bò ó mọ́ra.

Ìgùnfẹ̀ ló tú u fó. Nígbà tí Dókítà tún pè é, tó ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yìí kò yé òun, pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ì bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, inú Olùpèsè kùn, ó sì gùnfẹ̀ sójú rẹ̀. Dókítà fi ọwọ́ bo imú, ó ti àga sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló tún ìwé èsì rẹ̀ ṣí.

"Bàbá. Ó ti tó ọjọ́ mélòó tí ìgùnfẹ̀ yín ti ń rùn báyìí?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Ẹ ò sọ fún mi. Ìgùnfẹ̀ yìí ò bá ìgbẹ́ tí ẹ gbé wá mu. Ta ló ni ín?"

"Tèmi ni."

"Ó dáa." Ó fa dúráwà, ó mú ike tuntun jáde. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ẹ lọ, mò ń dúró."

Kò pẹ́ rárá. Àwọn tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti ṣe é. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀, ó bọ́ síta. Ọ̀gbẹ́ni yàrá àyẹ̀wò gba ike náà pẹ̀lú ìka méjì.

"Kí ló kú sínú yín, Bàbá?"

Ó bù díẹ̀ sórí gíláàsì, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú kí nǹkan kékeré tóbi lójú, kò sì pẹ́ tó fi ké sí Dókítà. Dókítà wò ó, ó ní kí Olùpèsè náà wá wò. Ó wò ó. Àwọn nǹkan tínńtínní ń yí gbirigbiri bí ewé tó ń já bọ́ látorí igi. Nígbà tí ọ̀kan dúró, ó rí i pé ó rí bí ojú èèyàn: orí rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, ẹyinjú méjì sì wà níbẹ̀ tó ń wò ó.

"Àwọn kòkòrò yìí ti lẹ̀ mọ́ ìfun yín bí àlẹ̀mọ́," ni Dókítà wí. "Ọ̀rá tí ẹ bá jẹ kò lè wọlé, ìyẹn ló jẹ́ kí ìgbẹ́ yín máa léfòó. Inú omi ni wọ́n sábà máa ń gbà wọni nínú."

"Omi tó dọ̀tí?"

"Omi tí ìgbẹ́ wọ̀. Bàbá, ìgbẹ́ ẹlòmíràn lẹ mu."

Ó ní ìgbà yẹn ni òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: Àǹtí Ọ̀bẹ, ọ̀rá dúdú, àwọn ike tó máa ń wà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Dókítà gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀.

"Gbogbo ilé búrẹ́dì?"

"Gbogbo wa."

"Èwo ni orúkọ tó wà lára ọ̀rá búrẹ́dì yín?"

Ó sọ ọ́. Dókítà dìde, ó lọ fọ ọwọ́, ó fọ ẹnu, ó tún ọwọ́ fọ̀. Búrẹ́dì yẹn ló jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Orí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró dè é, ni Olùpèsè ti sọ ọ́ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn: kì í ṣe jẹjẹrẹ, ògùn wà, òun ò ní kú. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yẹ kó dúró síbẹ̀. Ó ń bá a lọ.

"Ìgbẹ́ obìnrin?" ni ìyàwó rẹ̀ ní, ó sì fa ọwọ́ yọ. "Nínú àpò sòkòtò tí mo fọwọ́ ara mi rán? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí mi?"

"Ó ní ìdérí."

"Mo rò pé o ní àlè ni. Ó sàn kí o ní àlè! Àlè, mo lè lọ bá a jà. Èyí, kí ni kí n sọ fún àwọn èèyàn mi?"

Ó sún dé òpin bẹ́ńṣì. Kò lọ sílé o. Ó kàn sún ni.

Dókítà kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìlera. Wọ́n wá sí ilé búrẹ́dì, wọ́n sì dúró ti oníkálukú títí ó fi ṣe tirẹ̀ níṣojú wọn. Wọ́n rí kòkòrò kan náà lára àwọn mélòó kan. Nígbà tí wọ́n ṣí táǹkì omi abẹ́ ilẹ̀, wọ́n rí i pé ṣáláńgá tó ti sán ń jò wọ inú rẹ̀. Omi yẹn ni wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, òun ni wọ́n ń mu. Mo bá máníjà sọ̀rọ̀. Ó ní iná ààrò ń pa gbogbo kòkòrò, pé kò sí ohun tó ṣe búrẹ́dì òun. Mo bi í pé kí ni wọ́n fi ń fọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá lẹ́yìn tó bá ti inú iná jáde. Ó ní òun ní àlejò nílé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ Olùpèsè ní ọ̀dàlẹ̀ ni. "O pèsè ìgbẹ́ fún wa, o wá pèsè ìjọba," ni ọ̀kan nínú wọn wí. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ní ilé búrẹ́dì yìí, èmi ò mọ ẹni tó ṣu mọ́ nínú wọn, mi ò sì mọ ẹni tó kó o.

Wọ́n ní kó má padà sẹ́nu iṣẹ́ àfi tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá mọ́. Ó lo ògùn náà tán, ògùn tó ń jẹ́ kí gbogbo oúnjẹ dà bí irin lẹ́nu. Inú rẹ̀ dákẹ́. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba oúnjẹ. Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, ìyàwó rẹ̀ tún bá a lọ, ó sì tu gbogbo àpò rẹ̀ wò kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ọ̀gbẹ́ni yàrá àyẹ̀wò dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ó fi jáde. Ó gba ike náà, ó ṣí i, ó sún imú mọ́ ọn díẹ̀, ó sì gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó wò ó pẹ́.

"Kò sí nǹkan kan níbí," ló ní. "Ìgbẹ́ èèyàn ni èyí."

Olùpèsè jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọ tó gba ipò kìíní.

"Ìyá àwọn ọmọ, ó ní ìgbẹ́ mi…"

"Mi ò fẹ́ gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì ti gbé àpò rẹ̀ sí èjìká. "Ẹ ṣáà lọ fọ ọwọ́ yín dáadáa, ká lọ jẹun."